Kí Ni Ọmọ Wa Yóò Kó Lọ Sí Ilé Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Muṣin)

  Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn òbí kan ti ń bi í léèrè láti ọjọ́ pípẹ́, èyí nì ni pé: bí ọmọ ẹni bá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì ní kí ó kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá kí àwọn wò ó, èwo ni kí ó mú, èwo sì ni kí ó fi sílẹ̀? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ láti ọdún pípẹ́ wá mọ̀ pé nínú àpò pẹlẹbẹ yẹn ni ọmọ ti ń sọ fún àlejò irú ẹni tí òun í ṣe àti irú ilé tí òun ti jáde wá. Bí ó bá purọ́ níbẹ̀, irọ́ náà yóò bá a wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa ń rí. Ọ̀dọ́ á gbé àpò rẹ̀ wá, a ó sì tú u sórí tábìlì. Ohun tí ó sábà máa ń wà lókè ni ojú agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ọmọ náà fi pẹ́ńsù yà láti inú fóònù rẹ̀, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ka irùngbọ̀n ọkùnrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olórin kan láti Amẹ́ríkà ni yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí, kìnnìún. Lẹ́yìn kìnnìún, ilé kan láàrin òjò dídì tí èéfín ń rú jáde ní orí òrùlé rẹ̀, ní Muṣin níbí tí kò sí ẹni tí ń dáná sínú yàrá nítorí òtútù! Bí a bá bi ọmọ náà pé níbo ni àwòrán ìyá rẹ̀ wà, á rẹ́rìn-ín. Bí a bá bi í pé ta ni ó ń lẹ táyà ní ìkóríta ilé wọn, yóò sọ orúkọ ọkùnrin náà, yóò sọ irú fìlà tí ó máa ń dé àti bí ó ti máa ń dá ẹsẹ̀ kan lé orí irin bí iṣẹ́ bá le, kò sì ní sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó wà lórí ìwé. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹnì kan ni ó ti kọ́ ọ pé ohun tí ó wà ní Muṣin kì í ṣe ohun tí a ń kó lọ bá ọ̀mọ̀wé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́ká-òdì pé a ń bú àwòkọ. Olóyè Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, àwòkọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ilé ìwé, àwọn àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn àwọn Òyìnbó ni ó ń wò, tí ó sì ń yà, nítorí kò sí olùkọ́ kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí tí ó lè kọ́ ọ ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, obìnrin ọlọ́lá kan ní Èkó, ó sì yà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ di òní yìí. Àwọn Òyìnbó ìgbà náà kò gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò sì bá wọn jiyàn lásán. Ẹni tí ń gbé láàrin wa ni ó yà, pẹ̀lú ẹ̀wù àti ìdúró rẹ̀. Ọdún 1920 ni ó tó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ St John's Wood, ó sì padà sí ilé ní 1922. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́rìnlá ni ó wà láàrin àwòrán obìnrin yẹn àti ọjọ́ tí ó wọ ọkọ̀. Ọmọ tí ó bá ń sọ fún wa pé òun kò lè ya nǹkan kan tí ó dára àfi bí òun bá kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, kí ó lọ jókòó ti ìtàn yìí.

Nígbà tí Ọnàbólú dé, ó ń rìn láti ilé ìwé kan dé òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ọ̀nà tí ó jìnnà ti í máa tín-ín-rín lójú, àti bí òpó tí ó wà lókèèrè ti í kéré sí èyí tí ó wà nítòsí. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi orúkọ rẹ̀ pè é ní Mista Perspective. Òun kan náà ni ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún òun, ní 1927 sì ni Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó dùn mọ́ wa jù. Aláwọ̀ dúdú ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà àwọn Òyìnbó. Òyìnbó ni ó ń sọ pé kí àwọn ọmọ má ṣe fi ọnà àwọn baba wọn sílẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ igi, kí wọ́n mọ ìkòkò, kí wọ́n ya ohun tí ó wà ní abúlé wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbè lẹ́yìn ọ̀kan, wọ́n sì ti bú èkejì. Ní tiwa, a rò pé ọmọ tí yóò kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn olùkọ́ ní láti jẹ ogún àwọn méjèèjì. Kí ó fi hàn pé ojú òun lè wo nǹkan kí ọwọ́ òun sì gbé e kalẹ̀ bí ó ti rí. Kí ó sì fi hàn pé òun mọ ibi tí òun ti wá.

Bí ẹnì kan bá sì ní kí a fi àpẹẹrẹ ẹni tí ó ṣe méjèèjì hàn òun, tí kò sì wọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni a ó pè, ẹni tí ó kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Wembley ní London. Nígbà tí àwọn ará ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà sílé mọ́. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún ọba ní ìlànà ti ilẹ̀ wọn, wọ́n fi ṣe pààrọ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní. (Bóyá pààrọ̀ náà tọ́ tàbí kò tọ́, ìrọ̀lẹ́ mìíràn ni a ó fi jiyàn rẹ̀.) Kí ni ó wà lára ilẹ̀kùn náà? Ọba wà níbẹ̀ lórí ìtẹ́, àwọn olorì wà níbẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ wà níbẹ̀. Bákan náà ni Òyìnbó aláṣẹ tí àwọn aláàárù gbé lérí, tí ó ń bọ̀ wá kí ọba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ayé Ọlọ́wẹ̀ ni. Kò sọ pé Òyìnbó kì í ṣe ohun tí a ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ààfin, kò sì tìtorí Òyìnbó yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Irú ọwọ́ tí ó fi gbẹ́ ọba ni ó fi gbẹ́ àlejò. Èyí ni a fẹ́ kí ọmọ tí ń ya dáńfó àti fóònù àti jẹnẹrétọ̀ mọ̀: kì í ṣe ìlù àti agbè nìkan ni ó jẹ́ ti Yorùbá.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ojúwòyè gbé àpò rẹ̀ wá bá wa, òun àti bàbá rẹ̀. Ogójì ìwé ni ó wà nínú rẹ̀. A pe ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ ayàwòrán, a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a sì bọ́ bàtà kí a lè máa rìn láàrin wọn. Iṣẹ́ tí ọmọ náà kà sí pàtàkì jù ni ojú òṣèré kan tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé lórí. Ọ̀rẹ́ wa wò ó, ó yìn ín fún sùúrù rẹ̀, ó sì yí i dojú délẹ̀. Ó ní fọ́tò náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ọmọ tó gbé pẹ́ńsù: fọ́tò ti yan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ó ti yan ibi tí a ó gé e, ó ti sọ ojú ènìyàn di pẹlẹbẹ, kí ni ó kù tí olùkọ́ yóò fi mọ bí ọmọ yìí ti ń ronú?

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka. Ìwé kan wà tí a ti ká, tí epo ta sí létí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀, ọwọ́ méjì tí ń di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tí okùn wà láàrin ìka. Ó ní ìgbà mẹ́fà ni òun yà á, nítorí ìyá òun kì í dúró. Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́? Ó ti fẹ́ sọ wọ́n nù! A ní kí ó lọ mú wọn wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó sùn lórí ẹní lẹ́yìn iṣẹ́ òru wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ níwájú, orí lọ́hùn-ún, tí ẹsẹ̀ sì tóbi ju orí lọ bí ó ti yẹ kí ó rí lójú ẹni tí ó jókòó ní ẹsẹ̀ ẹní. Ọnàbólú ì bá yọ̀ bí ó bá rí i. Òkìtì irin ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ wà níbẹ̀, tí ó fi èédú yà, tí ènìyàn kò fi mọ ibi tí irin parí sí àti ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Ọnà ara igbá wà níbẹ̀, tí ó fi ọ̀bẹ fín sí ìtẹ́lẹ̀ rọ́bà tí ó sì tẹ̀ sórí ìwé. A yan mẹ́rìndínlógún nínú gbogbo rẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni ó fa ìjà. Ọmọ náà ti lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ó sì jókòó síwájú orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan, ó yà á. Iṣẹ́ gidi ni. Bàbá rẹ̀ gbé e kúrò láàrin àwọn tí a yàn. Ó ní, "Bàbá Olùṣọ́, ẹ má bínú. Alàgbà ni mí nínú ìjọ. N kò fẹ́ kí wọ́n rí i lọ́wọ́ ọmọ mi." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, mo yà á ni, n kò bọ ọ́." Bàbá kò dá a lóhùn. Àwa ni ó wò.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí a ń ṣe, ẹ sì mọ aṣọ tí a ń wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ohun tí a sọ fún un kò pọ̀. A rán an létí Father Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ẹni tí ó dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947 pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, tí ó sì pe Bámidélé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bandele, ọmọ Aréògún, agbẹ́gilére láti Òsì-Ìlọrin, kí ó wá fi ọwọ́ tí ó fi ń gbẹ́ ère gbẹ́ ohun èlò fún ilé Ọlọ́run. Níbẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Bandele ní 1949, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní 2009. A ní kí ó tún wo ọ̀dọ̀ wa níbí. Àgbà nínú iṣẹ́ ọnà, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí ó fi Pápá Àjàó ní Muṣin yìí ṣe ibi iṣẹ́, ni ó ya ìrìn Olúwa wa lọ sí orí àgbélébùú, ibùdó mẹ́rìnlá, fún ìjọ St Paul ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Aṣọ tí ó ní ọnà àdìrẹ ni ó wọ̀ fún àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Òun kan náà ni ó ya àwọn àwòrán inú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1968, tòun ti àwọn iwin inú rẹ̀. Ọwọ́ kan ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó gé ọwọ́ náà sí méjì.

Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó mú ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì fún ọmọ ní pẹ́ńsù. Ó ní, "Kọ ibi tí o ti rí i sí i, kí o kọ ọjọ́." Ọmọ kọ ọ́: Oníkan, oṣù àti ọjọ́. Ni bàbá bá fi ìwé náà sí àárín àwọn yòókù, kò fi í sí òkè. A gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ fún gbogbo ọmọ tí ó bá wá pé kí wọ́n máa kọ ibi àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ wọn, nítorí ó ń ran olùkọ́ tí yóò wò ó lọ́wọ́ púpọ̀.

Ní ti iye iṣẹ́, olúkúlùkù ilé ẹ̀kọ́ ni ó ní òfin tirẹ̀, kí òbí sì ka ìwé ìkéde kí ó tó náwó. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti Rhode Island ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ wa kan ń lépa, máa ń béèrè láti méjìlá dé ogún. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní àṣà kan nígbà kan rí tí ó dùn mọ́ wa: wọ́n a ní kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ya kẹ̀kẹ́ ológeere. Ohun kan náà fún gbogbo wọn, kí wọ́n lè rí bí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀. Ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kì bá tí wá fọ́tò kiri. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ó wọ́pọ̀ kí àwọn olùkọ́ fi ọmọ jókòó, kí wọ́n gbé ìkòkò tàbí àga tàbí ènìyàn síwájú rẹ̀, kí wọ́n ní kó yà á lójú wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí àpò iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bá ọmọ yà ti ń tú. Ibẹ̀ náà ni ti èyí tí ó dé láìpẹ́ yìí yóò ti tú, àní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán fún ẹni tí ó bá ti sọ ọ̀rọ̀ fún un. A ti rí méjì nínú irú rẹ̀ lórí tábìlì wa. Wọ́n dán, wọ́n mọ́, ìka mẹ́fà sì wà ní ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin inú rẹ̀.

Ìwé tí ọmọ fi ń gbìyànjú, tí ó kún fún ọwọ́ márùn-ún tí kò dára kí ẹ̀kẹfà tó dára, kí ó mú un dání. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ béèrè fún un. Kí iṣẹ́ tí ó lágbára jù wà níṣàájú, kí òmíràn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o wà ní ìparí, kí àwọn tí ó jọra má ṣe to ara wọn bí ọmọ ìyá. Bí ó bá ní àwòrán ọjà mẹ́rin, méjì ti tó. Kí a má ṣe fi dígí àti férémù sí i. Owó ni yóò ná wa, yóò sì wúwo. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò iṣẹ́ ni wọ́n ní kí a fi ránṣẹ́, kí a gbé iṣẹ́ sí ibòji ní òwúrọ̀, kí a dúró gbọnrangandan síwájú rẹ̀, kí a má sì lo iná fóònù, kí ìka wa má sì hàn létí ìwé. Ẹni tí ó gbẹ́ ère, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òbí kan ti bi wá pé, bí wọn kò bá mú ọmọ ńkọ́? Ní Òṣogbo láàrin 1962 sí 1964, nígbà tí Ulli Beier àti ìyàwó rẹ̀ Georgina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n béèrè àpò iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń bójú tó iná fún eré Dúró Ládiípọ̀, Jímọ̀h Búráímọ̀h, wà lára àwọn tí ó di ayàwòrán níbẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀kùn náà kì í ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́jì Yábàá kò jìnnà sí wa ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ, níbi tí Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ti darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fún ohun tí ó ju ọdún 25 lọ. Kò dára kí ọmọ Muṣin máa gba iwájú rẹ̀ kọjá nítorí pé kò mọ ohun tí yóò kó wọlé.

Ọ̀rẹ́ wa ayàwòrán ti gbà láti máa jókòó pẹ̀lú wa ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́wàá, ní gbọ̀ngàn tí a wà yìí. Kí àwọn ọmọ kó gbogbo iṣẹ́ wọn wá, títí kan èyí tí wọ́n ti fẹ́ sọ nù, kí òbí kan sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. A kì í gba owó. Ẹní nìkan ni kí ẹ mú dání, nítorí ilẹ̀ ni a ó tẹ́ wọn sí.